Itọ́ Bọ̀dá, Orúkọ Mi

"Wèrè tiyín yìí, ṣé AA ni àbí AS?"

Àǹtí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ àbúrò mi obìnrin ló béèrè bẹ́ẹ̀, nínú pálọ̀ ìyá mi ní Muṣin, pẹ̀lú ìgò mọ́ọ̀tì lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn mọ́ kedere bí ojú ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Èmi tí mo ń jẹun nídìí fífi àwọn èèyàn ńláńlá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, mo rò pé kò sí ọ̀rọ̀ tó tún lè ya ẹnu mi sílẹ̀. Ẹnu mi là gbàgà.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò dáadáa, wọ́n wo òrùlé, wọ́n ní, "Ó máa jẹ́ AS, mà."

Kí n tó ṣàlàyé bí wèrè ṣe di AS, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Bọ̀dá.

Bọ̀dá ni àbúrò ìyá mi ọkùnrin. Iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì-bítà ni wọ́n ń ṣe ní Pápá Àjàó. Mọ́tò tó bá forí sọ òpó tàbí tó fẹ̀gbẹ́ ha ògiri, wọ́n á fi òòlù bá a sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi rántí bó ṣe rí kó tó kàgbákò. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òòlù Bọ̀dá ló rán mi lọ sí yunifásítì, òun náà ló rán àbúrò mi. Nínú gbogbo ìdílé wa, n kò mọ ẹni tí orí rẹ̀ pé tó tiwọn, mo sì ti ka ara mi mọ́ ọn kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti Muṣin dé Ìkòròdú. Nígbà tí àwọn ará ilé rí wọn, Bọ̀dá ní àwọn ń sin ohùn náà lọ sí ọ̀nà jíjìn ni, kó má bàa yọ àwọn ará ilé lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà lóṣooṣù. Abẹ́rẹ́ náà ò lé ohùn náà lọ pátápátá, ó kàn sọ ọ́ di aládùúgbò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Èèyàn lè gbé pẹ̀lú ìyẹn. Ní Muṣin, gbogbo wa la ń gbé pẹ̀lú ìyẹn.

Ẹ sì mọ bí Yorùbá ṣe ń ṣe ìgbéyàwó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣe ìwádìí: ṣé kò sí wárápá nílé yẹn, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wèrè? Nítorí ìwádìí yìí, ìdílé tiwa ní ètò tiwa. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá ti sú yọ, Bọ̀dá á rìnrìn-àjò. Ẹnikẹ́ni kì í lé wọn. Wọ́n á kàn fa àpò búlúù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ilé ìyá wọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní, "Mo fẹ́ lọ wo oko." Kò sí oko kankan. Ilé yàrá méjì ni, tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́. Bí gbogbo nǹkan bá parí, wọ́n á padà wá jẹ ìrẹsì tí a fi pamọ́ sínú fìríìsà fún wọn.

Wọ́n lọ wo oko nígbà ìgbéyàwó ọmọ ìdílé wa mẹ́jọ. Tèmi ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Mo rántí pé mo bi ìyá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, "Bọ̀dá dà?" Wọ́n ní, "Wọ́n lọ wo oko." Mo ní, "Ó dáa." Fìlà mi ni mò ń bá jà nínú díńgí, kò fẹ́ dúró. Mo ní "ó dáa", mo sì tún fìlà ṣe.

Nígbà tó wá kan àbúrò mi, ọkùnrin tó mú wálé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yábàá tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí ọ́fíìsì wọn ní àga aláràbarà tí kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé àwọn làwọn kọ́kọ́ rí oòrùn. Ó wá bá mi nílé mi ní Sùúrùlérè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwa ò ní i ṣe ìwádìí àwọn àgbà mọ́. Kí ẹnìkan máa lọ bi oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ àdúgbò bóyá wèrè wà nílé yìí! Ìwà ọ̀làjú kọ́ nìyẹn."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbá a mọ́ra. Mo ti ń rí Bọ̀dá lórí àga iwájú.

Ó ní, "Itọ́ la máa bi."

Ó gbé ike kékeré mẹ́ta jáde nínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ń tà á. Èèyàn á tutọ́ sí i, wọ́n á fi ránṣẹ́ sókè òkun, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ìdáhùn á dé sórí fóònù. Wọ́n á sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ ní àwọ̀ mẹ́ta: àwọ̀ ewé bó bá dára, àwọ̀ ìyeyè bó bá wà láàárín, pupa bí ewu bá wà. Wọ́n á sọ ti àìsàn ọpọlọ, wọ́n á sọ ti ìbínú, ti ọtí mímu, àní bí èèyàn ṣe máa jẹ́ olóòótọ́ sí aya rẹ̀.

"Láti inú itọ́?"

"Láti inú itọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ojú mi ni ìyàwó tèmi máa ń wò," mo ní, "kì í sì í tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀."

Fọ́ọ̀mù kan bá ike náà wá. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ti ní àìsàn ọpọlọ rí. Àbúrò mi, tó tẹ̀lé e wá, gbé bírò, ó wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó fi àmì sí "Kò sí". Bọ̀dá tún ti rìnrìn-àjò nìyẹn, lórí bébà lọ́tẹ̀ yìí.

Ike kẹta, èmi ni wọ́n gbé e fún. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú wa nínú ìwé ìròyìn," ọkùnrin náà ní, "ẹ dán an wò kí ẹ tó bú u." Èrò kan sì sọ sí mi lórí, mo rò pé n kò tíì ní irú rẹ̀ rí láyé mi. Bí mo bá fi itọ́ ara mi sí i, ta ló máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ? Ó yẹ kí n fi itọ́ ẹni tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ dán an wò, kí n wá kọ ọ́ sójú ewé mi nínú ìwé ìròyìn.

Ní Sátidé, mo lọ sí Pápá Àjàó. Bọ̀dá wà lábẹ́ mọ́tò.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi tutọ́ síbí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Nǹkan kan tí mò ń kọ ni."

Wọ́n jáde, wọ́n nu ẹnu, wọ́n tutọ́. Wọn ò béèrè nǹkan mìíràn. Ẹni tó ti ń fún dókítà ní ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún ò fi bẹ́ẹ̀ rántí mọ́ pé èèyàn lè béèrè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n tún sọ ni, "Ṣé ó tó?" Mo ní ó tó. Mo dé ike, mo sì kọ orúkọ mi sí i lára.

Ìdáhùn dé. Ti àbúrò mi, àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó ní orúkọ mi, àwọ̀ ewé tó tutù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú àwòrán bàlúù àti "Ẹ kú oríire! Ewu yín kéré gan-an." Nígbà tí a bi ọkọ ìyàwó nípa tirẹ̀, ó ní, "Tèmi ṣì ń bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nílé ìyá mi, nígbà tí Bọ̀dá wà níbẹ̀, mo dìde bí oníwàásù, mo ka ìdáhùn méjèèjì sókè. "Ẹ wo iṣẹ́ òyìnbó! Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ló gba àwọ̀ ewé, ẹni tí orí ò fọ́ rí ló gba ìyeyè!" Mo ń dúró de ẹ̀rín. Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó wọ yàrá lọ. Ìyá mi tẹ̀lé e.

Bọ̀dá nìkan ló kù. Wọ́n ní, "Itọ́ tèmi nìyẹn?"

"Tiyín ni."

"Ó ní kí ló ṣe mí?"

"Ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe yín!" Mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí n tẹ ìwé náà jáde fún àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́jọ́ kejì, bí ẹni ń fún èèyàn ní àwòrán ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi sápò àyà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àǹtí ọkọ ìyàwó wá sí Muṣin. Ẹ má dá wọn lẹ́bi jù. Lọ́dọ̀ wa, kò sí pásítọ̀ tó máa so tọkọtaya pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbé ìwé jẹ́nótáìpù wá. AA fẹ́ AS, kò séwu. AS fẹ́ AS, ẹkún ni. Gbogbo wa la mọ èyí ju orúkọ àwọn òbí wa àgbà lọ, òótọ́ sì ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gbà là. Nígbà tí àǹtí náà wá gbọ́ pé ìwé kan tún ti jáde fún wèrè, ṣe ni wọ́n wọn bàtà tuntun mọ́ ẹsẹ̀ àtijọ́.

"Àwọ̀ ìyeyè, AS nìyẹn," wọ́n ní. "Ó wà níbẹ̀, kò kàn hàn ni. Bí ọmọ tiwa bá ti jẹ́ AA, wọ́n lè fẹ́ra."

"Tèmi ṣì ń bọ̀," ni ọkọ ìyàwó wí, kò gbójú kúrò lórí fóònù.

"Ṣùgbọ́n S yìí," àǹtí ní, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga, "ta ló gbé e wọlé? S kì í já bọ́ látọ̀run."

Bọ̀dá ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá mi ti ní kí wọ́n má wá. Ìyá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Àfi bó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá wọn."

Bàbá wa! Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ta ìwé àti pẹ́ńsù, tí kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ẹni tó ti kú ò lè gbéra kó ní òun kọ́. Mo wo ìyá mi bí ẹni pé n kò rí wọn rí. Wọ́n tún ń rọ mọ́ọ̀tì fún àlejò.

Oṣù méjì kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí nọ́ọ̀sì kan tó pè mí láti Ìdí-Àràbà. "Nọ́ńbà yín ló wà lórí káàdì wọn, sà. Bàbá yìí ò wá lóṣù yìí. Wọn ò sì wá lóṣù tó kọjá. Ṣé kò sí?"

Mo sáré jáde. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Pápá Àjàó. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá, ìyá tó ń ta ọ̀dà mọ́tò ní ọ̀kánkán wọn ti fà mí lápá.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń lu fẹ́ńdà mọ́tò kan náà. Ẹni tó ni ín ti wá, ó káwọ́ lérí lọ."

Irin náà ti fẹ́lẹ́ bí ewé. Lára ògiri ẹ̀yìn wọn, láàárín kàlẹ́ńdà àti àwọn àpẹẹrẹ ọ̀dà, mo rí ìwé àwọ̀ ewé tó ní orúkọ mi. Wọ́n ti mú un lọ sílé àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó kí òjò má bàa pa á, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri ní ìṣó mẹ́rin.

"Bọ̀dá, wọ́n ní ẹ ò wá gba abẹ́rẹ́."

"Ta ni kó gba abẹ́rẹ́?" Wọ́n na òòlù sí ògiri. "Ṣé o ò lè kàwé ni? Mo rán ẹ ní yunifásítì o."

"Bọ̀dá, ìwé yẹn..."

"Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń gún mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ara mi ń wú, mi ò wí nǹkan. Mi ò fẹ́yàwó. O mọ ìdí ẹ̀?" Mo ti máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé fẹ́ńdà ni ìyàwó wọn. Mo ti ṣe ẹ̀fẹ̀ náà ní ojú àlejò. "Mi ò fẹ́ kí n bímọ tó máa jogún ẹ̀. Ẹnìkan wà ní Òjúwòyè tó dúró dè mí fún ọdún mẹ́fà. Mo ní kó máa lọ. Ìwé wá dé báyìí, ó ní kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀!"

Mo ti mọ̀ wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, n kò sì mọ̀ pé ẹnìkan wà ní Òjúwòyè.

Mo ní, "Bọ̀dá, irọ́ ni ìwé náà. Mo mọ̀ pé irọ́ ni kí n tó fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ fi mú wọn nírọ́ ni."

"Itọ́ mi lo fi fẹ́ mú wọn nírọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ò sọ fún mi."

"Mi ò sọ fún yín."

Wọ́n jókòó lórí táyà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nínú ọ̀dà àti èérún irin, mo sì ń sunkún bí ọmọdé, láìbìkítà pé ìyá ọlọ́dà ń wò mí.

"Wọ́n tún ti ń sọ̀rọ̀," Bọ̀dá ní.

"Àwọn wo?"

Wọ́n fọwọ́ kan etí wọn. "Wọ́n ní kí n má gbọ́ tìẹ. Ṣùgbọ́n màá gbọ́ tìẹ. Ìwọ, mo ń rí ojú ẹ."

Bí a ṣe lọ sí Ìdí-Àràbà nìyẹn, àwa méjèèjì nínú kẹ̀kẹ́ kan. Dókítà náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà tó àbúrò mi. Mo fi ìwé náà hàn án lórí fóònù. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bojú wò mí bí ẹni tó rí ọbẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Bàbá," ó sọ fún Bọ̀dá, "ìwé yìí ò mọ̀ yín. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó jọ kí wọ́n tó ṣe òṣùwọ̀n yìí, ibi tó jìnnà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ìwọ̀n ara wọn ni wọ́n fi gé aṣọ, wọ́n wá ní ó gba yín. Fún àwọn náà pàápàá, ìwé náà kì í sọ ti ẹnìkan ṣoṣo. Ó lè sọ nípa èrò rẹpẹtẹ, bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ lóṣù Òkúdù. Kò lè sọ ẹni tí òjò á pa."

"Kì í ṣe bíi jẹ́nótáìpù?"

"Kì í ṣe bíi jẹ́nótáìpù rárá, sà. Nǹkan kékeré púpọ̀ ló ń kóra jọ, ìgbésí ayé náà tún ń dá tiẹ̀ sí i."

Bọ̀dá ronú. "Bí mo bá bímọ nígbà náà ńkọ́?"

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà ju ọmọ ẹlòmíràn lọ díẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe gan-an kó má ṣẹlẹ̀ rárá. Ó yẹ kẹ́nìkan ti sọ fún yín."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ," Bọ̀dá ní. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè fún abẹ́rẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, fẹ́ńdà tún ti ń jáde bí fẹ́ńdà. Ohùn náà padà sẹ́yìn ògiri. Mo ní kí Bọ̀dá já ìwé náà sílẹ̀, wọ́n kọ̀.

"Gbogbo ìwé tí wọ́n ti kọ nípa mi, èébú ló wà nínú ẹ̀. Èyí nìkan ni kò bú mi." Wọ́n wò ó. "Orúkọ ẹ náà sì wà níbẹ̀."

Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ni àǹtí ọkọ ìyàwó rí.

Ọ̀rọ̀ S ò tíì tán lọ́kàn wọn. Wọ́n gbọ́ pé ìyá mi ní àbúrò kan ní Pápá Àjàó, wọ́n sì gbé mọ́tò wọn lọ síbẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé bọ́ńpà tó wó ló gbé wọn dé. Inú wọn dùn sí Bọ̀dá. Bọ̀dá tún bọ́ńpà ṣe, wọ́n fún wọn ní àga, wọ́n dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú sùúrù. Àǹtí bá gbójú sókè, wọ́n rí ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá bò.

"Ta ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbí yìí?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," Bọ̀dá ní. "Ó ń kọ̀wé."

Ìyá ọlọ́dà fi tirẹ̀ kún un láti ọ̀kánkán: "Ó wá síbí lọ́jọ́ kan, mà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó ń sunkún. Bọ̀dá ló rọra mú un lọ sílé ìwòsàn."

Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá mi ló pè mí wá gbọ́. Àǹtí ti wá bá wọn kẹ́dùn. "Wọ́n ní ẹni tí orí rẹ̀ pé kì í kan ìwé mọ́ ògiri pé orí òun pé," ìyá mi ròyìn, wọn ò wojú mi. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò burú, àwọ̀ ewé ni tìẹ, ó fi hàn pé ìtọ́jú ń jẹ́. Wọn ò ní torí ìyẹn da ìgbéyàwó rú. Àwọn àgbà wọn tó ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn nìkan ni wọn ò fẹ́ kó rí ẹ. Wọ́n ní o máa ń rẹ́rìn-ín síbi tí kò yẹ."

Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Wò ó," ìyá mi ní, "èyí gan-an ni wọ́n ń sọ."

"Màmá, ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́!"

"Kí n wá sọ pé ta ni?"

Ojú wa pàdé. Orúkọ Bọ̀dá nìkan ló kù.

"Àǹtí yẹn ní àwọn ò tíì rí ọkùnrin tó ní làákàyè tó àbúrò mi," ìyá mi ní, ohùn wọn sì wá lọ sílẹ̀. "Wọ́n ní ipò bàbá yín ni kó jókòó sí lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. Kò jókòó rí, nínú gbogbo ìdílé yìí." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbọn eruku tí kò sí lára ẹ̀wù mi. "Lọ wo oko. Ọjọ́ mẹ́ta péré."

Àbúrò mi bá mi ní ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ní kí n sọ òótọ́ fún wọn, màá sọ."

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé Bọ̀dá lọ sílé ìwòsàn ni mo sọ fún un. Òun náà bá fi tiẹ̀ hàn mí. Ó ti wà lórí fóònù ẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní." Ó bo ẹnu. "Pupa ni, ẹ̀gbọ́n mi. Pupa bí ata ṣọ̀ǹbọ̀."

Mo fara ti ògiri. Gbogbo ìgbà tó ń wí pé ó ṣì ń bọ̀! "Pupa yẹn náà, òpùrọ́ ni," mo ní, nítorí ó yẹ kí n ṣe déédéé. "Ṣé ẹ máa sọ fún àǹtí ẹ̀?"

"Àǹtí wo?" ó ní. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín nínú ọ̀nà ilé náà bí olè.

Bọ̀dá fúnra wọn ló gbé àpò búlúù náà wá fún mi. Wọn ò bẹ̀ mí, wọn ò sì dúpẹ́. Ìlànà ni wọ́n fún mi, bí ẹni ń fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá fà á kó tó dáhùn. Má jókòó síwájú ilé, wọ́n á bi ẹ́ ọjọ́ tí o máa padà. Bó bá di ọjọ́ náà gan-an, láàárọ̀, ti ilẹ̀kùn yàrá inú. Ibẹ̀ tutù."

Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo wí fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ wo oko, ó wò mí títí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo ṣe bí Bọ̀dá ṣe wí. Mo wọ yàrá inú, mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ilẹ̀kùn náà padé ni mo rí ara ògiri tí ó máa ń bò bó bá ṣí sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń sàmì sára irin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ìgbéyàwó mẹ́jọ, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Bọ̀dá ti jókòó síbí pẹ̀lú aago, wọ́n ń bá gbogbo rẹ̀ lọ wákàtí sí wákàtí láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí wọn. "Aago mẹ́wàá: wọ́n ti dé. Aago kan: wọ́n ń bu oúnjẹ." Mo ń kà á wálẹ̀. Mo ń wá tèmi, mo sì ń bẹ̀rù kí n rí i.

Òun ló gbẹ̀yìn. Wọn ò kọ orúkọ mi. Ohun tí wọ́n kọ sókè rẹ̀ ni "Ọmọ mi ọkùnrin".

"Aago mẹ́sàn-án: ó ń múra. Fìlà ò ní í dúró, orí ẹ̀ tóbi.

"Aago mẹ́wàá: ó ń béèrè mi.

"Aago mọ́kànlá: ó ṣì ń béèrè mi. Wọ́n á rí nǹkan sọ fún un.

"Aago méjìlá: ó ti dọ̀bálẹ̀."

Mo dúró síwájú ògiri náà. Ní aago mọ́kànlá ọjọ́ ìgbéyàwó mi, n kò béèrè ẹnikẹ́ni. Mo ti rí fìlà mi dé.

Mo wo fóònù mi. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Mo ki ọwọ́ bọ àpò búlúù náà, mo wá gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ó ti kúrú bí ìka ọmọ ọwọ́. Àyè ṣẹ́ kù díẹ̀ lábẹ́ tèmi. Mo kúnlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀, mo kọ "Àbúrò mi" sókè. Mo dúró títí aago fi pé, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

"Aago mẹ́wàá: Bọ̀dá ti jókòó."